Ìbéèrè Yín: Elsie Fogerty, Òṣèré, Olùdarí Eré àti Olùkọ́ Ohùn

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, a sọ ọ́ nínú gbólóhùn kan péré pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Elsie Fogerty ló dá ilé-ẹ̀kọ́ tí Laurence Olivier àti Peggy Ashcroft, àwọn gbajúmọ̀ òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ṣẹ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. A kò mọ̀ pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè fa lẹ́tà tó pọ̀ tó báyìí. Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó ni èyí tó pọ̀ jù ti wá, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà kò wọ́n ní agbègbè wa. A ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, a sì ti pa àwọn tó béèrè ohun kan náà pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Lítíréṣọ̀. Mo wá orúkọ Fogerty yìí láàárín àwọn gbajúgbajà òṣèrébìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, n kò rí i. Ṣé òṣèré ni lóòótọ́, àbí ẹni tí kò rí eré ṣe ló di olùkọ́? — Olùkọ́bìnrin kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Òṣèré ni, ìyá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí àwọn èrò ń tò sẹ́nu ọ̀nà tíátà láti rí. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1865 ni wọ́n bí i ní Sydenham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kékeré ló ti fẹsẹ̀ kan orí ìtàgé, kò sì fi ẹ̀bùn nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn: ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Hermann Vezin, àgbà òṣèré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún lọ sí Paris láti kọ́ bí àwọn ará Faransé ṣe ń ka ewì sókè lórí ìtàgé, nítorí àwọn ará Faransé ti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì gbà pé ẹni bá fẹ́ ṣeré, kí ó lọ bá ẹgbẹ́ eré kan rìn títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ní 1889, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Crystal Palace, lẹ́yìn náà ó tún kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Roedean. Bí ẹ bá wo ọdún yẹn, ẹ ó rí i pé kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ìtàgé ti lé kúrò kọ́ nìyẹn. Lójú tiwa, ó ti fojú sílẹ̀ wo bí ilé ṣe rí ni. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tó ni tíátà, tó ń darí eré, tó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ló ń pín ipa fún àwọn obìnrin, bó bá sì ti wù ú ló ń pín in. Kíkọ́ni wà lára àwọn iṣẹ́ díẹ̀ nínú tíátà tí obìnrin lè fi ní òrùlé tirẹ̀.

Òrùlé náà sì ni ó kọ́. Ní 1906, ó dá Central School of Speech Training and Dramatic Art sílẹ̀ nínú àwọn yàrá kan ní Royal Albert Hall, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn òṣèré ńlá náà, Frank Benson. Ọdún méjì ṣáájú ni òṣèré mìíràn, Herbert Beerbohm Tree, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ eré tí a mọ̀ sí RADA lónìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n Tree ní tíátà tirẹ̀ àti owó tíátà lọ́wọ́. Fogerty kò ní ju orúkọ rere àti ahọ́n tó mú lọ. Ọdún méjìlá lẹ́yìn tó ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni òfin tó jẹ́ kí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan lè dìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ní 1918. Kò fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1942. Wọ́n fi CBE, oyè ọlá kan láti ọ̀dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, dá a lọ́lá ní 1934, ó sì kú ní oṣù Keje ọdún 1945.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ olùkọ́, ohun kan wà tí ẹ ó fẹ́ mọ̀. Ó tún àwọn eré Gíríìkì bíi *Antigone* àti *Alcestis* tò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ó sì ṣàlàyé sínú ìwé náà bí wọn yóò ṣe dúró àti irú aṣọ tí wọn yóò rán. Olùkọ́ tí kò rí tíátà rí lè ṣí ìwé náà kí ó sì fi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbé eré dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Shakespeare inú ìwé WAEC kọ́ àwọn ọmọ tó ń ka á bí ẹni ń ka òfin mọ́tò, ẹ ó mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀gá, mo wà nínú ẹgbẹ́ eré kan níbí. Wọ́n ní ìyá yìí bú imú Olivier nígbà tó wá gba ipò akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tilẹ̀ ń kọ́ wọn gan-an? — Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré, Ìsìnkàn, Àkúrẹ́.

Olivier fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ní 1924, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti sọ fún un pé àfi bó bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì fi àádọ́ta pọ́n-ùn owó ìrànwọ́ lọ́dún kún un. Ó dúró níwájú Fogerty, ó ka ọ̀rọ̀ tí Jaques sọ nípa ìpele méje tí ọmọ ènìyàn ń là kọjá nínú *As You Like It*, ó sì ń ju ọwọ́ sókè sódò. Obìnrin náà kìlọ̀ fún un nípa ọwọ́ jíjù. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan iwájú orí ọmọ náà níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, ó fà á wálẹ̀ dé ibi tí imú ti hù, ó ní ibẹ̀ ni àìlera ojú rẹ̀ wà. Ó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti owó náà. Olivier sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí òun máa lẹ imú àtọwọ́dá mọ́ ojú nínú eré lẹ́yìn eré.

Èébú kọ́, arákùnrin wa. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí agbẹ́gilére ṣe ń yẹ igi wò kó tó fi àáké kàn án. Ó kàn jẹ́ pé ìtàn imú yìí dùn ún sọ, ó sì ti bo ohun tí obìnrin náà fi ayé rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀.

Ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe ni èyí: ó gbà pé iṣẹ́ ara ni ohùn, pé a lè kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ ijó, àti pé ẹni tí a kò bá gbọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ eré. Láti orí èémí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè dán an wò níbi tí ẹ wà. Ẹ dìde dúró, ẹ jẹ́ kí èjìká sinmi, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé egungun ìhà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ó ti parí sókè ikùn. Ẹ fa èémí wọlé láìgbé èjìká. Ìhà ni ó yẹ kí ó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò sì ti ọwọ́ yín síta. Nísinsìnyí, ẹ sọ gbólóhùn gígùn kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìhà náà wó. Ẹ jẹ́ kí iṣan ikùn máa ti afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gbólóhùn bá parí, afẹ́fẹ́ tó kù nínú ìhà ni ìfowópamọ́ yín, èyí tí òṣèré fi ń parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìparí náà kú sí i lọ́fun. Irú èémí yìí ni wọ́n fi mọ àwọn ọmọ Central School fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùkọ́ ohùn ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ń mú kí àyà le gan-an, àwa náà sì gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi agídí ṣe é.

Lẹ́yìn èémí ni ìró. Dókítà ìṣègùn kan, W. A. Aikin, bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun ló sì to àwọn fáwẹ́lì gẹ́gẹ́ bí ìró wọn ṣe ń lọ sókè bí a bá sọ wọ́n ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìfi ohùn sí i. Àwa Yorùbá lè dán èyí wò ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lọ, nítorí fáwẹ́lì tiwa mọ́ gaara. Ẹ sọ ú, ó, ọ́, á, ẹ́, é, í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ọ̀fun má dún rárá. Ẹ ó gbọ́ ọ pé ìró afẹ́fẹ́ náà ń gòkè láti orí ú títí dé orí í, bẹ́ẹ̀ ẹ kò fi ọ̀fun kọrin. Bí ẹnu ṣe ṣí, bí ètè ṣe ká àti ibi tí ahọ́n wà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ àyè tí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lẹ́nu, kò ní í nílò láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá tó gbọ́ ọ. Nígbà tí iná bá lọ tí maikirofóònù sì dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn eré lónìí, tí ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àwọn kò gbọ́, ohun tí Fogerty ń kọ́ni ló kù díẹ̀ káàtó.

Ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló gbà pé ó tó. Peggy Ashcroft, tó wà níbẹ̀ lásìkò kan náà pẹ̀lú Olivier, sọ lẹ́yìn náà pé ohùn ni wọ́n gbé ga jù, wọn kò kọ́ àwọn tó bẹ́ẹ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń wọ inú ẹ̀dá ìtàn. Ìwé tí Stanislavski, ará Rọ́ṣíà, kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ nínú tíátà ló ṣí òun lójú. A rò pé ó jàre. Fogerty jẹ́ ọmọ ayé tí wọ́n ti ń ka ewì sókè, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó dún dáadáa débi pé ó lè gbàgbé ẹni tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ashcroft yìí kan náà, nígbà tó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣèré Shakespeare ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tó ti ṣe wàhálà lé lórí ní Albert Hall ló fi ń sọ̀rọ̀. Ní 1925, òun àti Olivier ló jọ ṣe ìran ìgbẹ́jọ́ inú *The Merchant of Venice*, ó ṣe Portia, Olivier ṣe Shylock, òṣèrébìnrin Athene Seyler tó wá ṣe adájọ́ sì pín ẹ̀bùn náà sí méjì fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pe ọ̀gá wọn ní Fogie lẹ́yìn rẹ̀. A kò rò pé ẹnikẹ́ni láyà láti pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ pè é ní olùdarí eré. Eré wo ló darí? Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ni mí, n kò sì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àwọn olùdarí. — Akẹ́kọ̀ọ́, Òdòjọ̀mù, Oǹdó.

Eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti eré Gíríìkì àtijọ́ ló darí jù, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi hàn nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdarí kan wà tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tíátà kankan fojú fò dá, iṣẹ́ ẹgbẹ́ elégbè ni. Nígbà tí akéwì T. S. Eliot kọ *The Rock* ní 1934, tó sì tún kọ *Murder in the Cathedral* fún Kàtídírà Canterbury ní 1935, ó kọ ọ̀rọ̀ fún ọ̀wọ́ ènìyàn tí yóò máa sọ̀rọ̀ pọ̀. Orin kọ́, ọ̀rọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é tí àwọn ènìyàn yóò fi gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń wí. E. Martin Browne ló darí eré náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Central School ló ṣe àwọn obìnrin Canterbury, Fogerty àti Gwynneth Thurburn, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di olùkọ́, ló sì kọ́ wọn.

Ìṣòro iṣẹ́ náà ni pé bí ènìyàn mẹ́jọ bá sọ gbólóhùn kan pọ̀ ní ohùn kan náà, yóò di ariwo tàbí kí ó dà bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé ń ka tábù. Ọ̀nà àbáyọ ni láti pín in: ohùn kan bẹ̀rẹ̀, méjì dá a lóhùn, gbogbo wọn wọlé níbi tí ẹ̀rù ti dé ojú rẹ̀, ohùn kékeré kan sì kù níkẹyìn. Ẹni tó bá ti wo eré Ọlá Rótìmí tàbí ti Dúró Ládípọ̀ tí ará ìlú ti ń dáhùn, yóò mọ̀ pé ẹni tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olùkọ́ ohùn lásán. Ìdarí eré ni, kódà bí orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí pátákó. Àwọn kan tún ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà náà, pàápàá Marjorie Gullan láti Scotland, tó ti ń kọ́ ẹgbẹ́ elégbè kí Eliot tó kọ eré rẹ̀.

Olóòtú wa, ọmọ mi obìnrin ń kólòlò, tíátà ló sì wù ú. Mo kà á níbì kan pé Fogerty wo àwọn akólòlò sàn. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? — Ìyá ọlọ́mọ, Yaba, Oǹdó.

Ẹ jẹ́ kó lọ, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwòsàn. Lóòótọ́ ni Fogerty darí kíníìkì ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń kólòlò àti àwọn tí ohùn wọn ti bàjẹ́, ó sì kọ ìwé kan lórí ìkólòlò ní 1930. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti di iṣẹ́ tó dá dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1945, ọdún tó kú gan-an, ni àwọn oníṣẹ́ náà da ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akólòlò ni ọ̀rọ̀ máa ń já geere lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń kọrin tàbí bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ elégbè jẹ́ ibi burúkú fún ọmọ yín láti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́, ìyẹn kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá a parí ọ̀rọ̀ tàbí kí ó máa jágbe mọ́ ọn pé kó yára. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED tó wà ní Oǹdó níbẹ̀, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, kí wọ́n lè darí yín sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ń kọ́ àwọn ènìyàn ní irú iṣẹ́ yìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ohunkóhun nínú iṣẹ́ obìnrin yìí tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àbí ìtàn òyìnbó lásán ni ẹ ń sọ fún wa? — Àgbà kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

Ó dé, bàbá, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló gbé e wá. Judi Dench kẹ́kọ̀ọ́ ní Central School láàárín 1954 sí 1957, lábẹ́ Thurburn tó gba ipò lọ́wọ́ Fogerty. Ní 1963, ó bá ẹgbẹ́ Nottingham Playhouse wá sí Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone, ó ṣe Lady Macbeth nínú *Macbeth*, ó sì ṣe Viola nínú *Twelfth Night*. Bí ẹ bá wà nílé-ìwé girama nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lábẹ́ Geoffrey Axworthy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n a kò ní sọ pé òun ló kọ́ wa ní ohùn. Àwọn alárìnjó ti ń ṣeré ní gbangba ọjà kí wọ́n tó bí Fogerty, àwọn onísùnjálá àti àwọn tó ń sun ẹ̀sà egúngún sì ní ọ̀gá tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré. Ohun tí Fogerty ṣe tí àwa kò ṣe ni pé ó sọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ di ohun tí yunifásítì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lé lórí. Ìjàkadì rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gba dípúlómà nínú iṣẹ́ eré wọlé ní 1923, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ka òṣèré sí aláìníṣẹ́. A ti ní ìwé ẹ̀rí nínú tíátà ní ilẹ̀ wa báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Oǹdó kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè jáde láìjẹ́ pé ó jókòó ti onísùnjálá kan rí.

Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà? — Ẹni mẹ́ta ló béèrè èyí, láti Àkúrẹ́ àti Ọ̀bá-Ilé.

Ó wà. Ó kúrò ní Albert Hall ní 1957, ó bọ́ sí tíátà Embassy ní Swiss Cottage, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ara Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 2005, wọ́n sì fi «Royal» kún orúkọ rẹ̀ ní 2012. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré gbọ́dọ̀ ṣeré níwájú wọn kí wọ́n tó gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ oyè kejì fún àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ohùn, tí wọn kò sì ní lọ́kàn láti ṣe òṣèré rárá.